Eérú Aró Inú Bèbè Odò

Wọ́n ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń jáde nílé ìwé, tí ẹ ò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe. Mo ní màá kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gé ibì kankan kúrò níbẹ̀. Mo ti kọ òótọ́ sórí ìwé rí, tí ẹnì kan sì yọ ojú ewé náà kúrò. Ó ti pẹ́, mo ti darúgbó, ṣùgbọ́n inú mi ò tíì rọ̀ sí i.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ń mọ bèbè sí etí odò kí omi má baà ya wọlé àwọn èèyàn, tàbí tó ń la ọ̀nà tuntun fún omi, èmi ni màá dúró tì í. Màá wo ilẹ̀ tó ń kó wá, màá wọ̀n ọ́n, màá gún un wò, kí n tó fọwọ́ sí ìwé pé ó dára. Alábòójútó iṣẹ́ ni orúkọ tí ìjọba ń pè wá. Mísì Ilẹ̀ ni àwọn lébìrà ń pè mí ní tèmi.

Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi sì ń dáko kòkó. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn oko wa tó máa ń jẹ ilẹ̀ ní apá ọ̀tún lọ́dọọdún, tí á sì kó iyanrìn jọ sí apá òsì. Mo bi bàbá mi léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ibo ni ilẹ̀ tí odò yìí ń jẹ ń lọ?"

Ó ní, "Ó ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ọmọ rẹ̀ kì í da ìbéèrè bò ó nígbà tó bá ń ṣánko."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò kúrò lọ́kàn mi. Òun ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Mo kàwé ní Iléṣà, mo kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n gbà mí síṣẹ́ ọba ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, wọ́n sì rán mi lọ sí Òṣogbo. Owó oṣù náà ò tó ohun tí à ń sọ.

Ẹni tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ni Bàbá Ajíbóyè. Ará Iléṣà ni, ó dàgbà ju bàbá mi lọ, kò sì ka ìwé mẹ́fà parí. Ilé ni ulé lẹ́nu rẹ̀, iṣẹ́ sì ni uṣẹ́, ìbáà jẹ́ níwájú òyìnbó. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé etí odò tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kò wo ìwé ẹ̀rí mi. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

"Kí lo wọ̀ sẹ́sẹ̀ yẹn?"

"Bàtà ni, sà."

"Ṣé bàtà ni wọ́n gbà síṣẹ́, àbí ìwọ?"

"Èmi ni, sà."

"Bọ́ ọ sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ wá ṣiṣẹ́."

Mo rò pé ìyà ló fi ń jẹ mí torí pé obìnrin ni mí. Ó tó oṣù kan kí n tó mọ ohun tó ń wá. Bí ẹsẹ̀ lásán bá tẹ bèbè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, àtẹ́lẹsẹ̀ á mọ ibi tó tutù, á mọ ibi tó ń rì díẹ̀ bí ẹni tẹ ẹní tí koríko wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú ò lè rí i. Ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo kọ́ lò ní Ìbàdàn, gíga àti títẹ́ ló mọ̀, kò mọ inú.

Fún oṣù mẹ́ta, Bàbá Ajíbóyè ò jẹ́ kí n kọ nǹkan kan sílẹ̀. Á ní kí n di ojú, á fi ilẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, á da omi lé e, á ní kí n yí i bí ẹni ń yí ẹ̀bà. Ilẹ̀ tó bá nà láìgé ní amọ̀ nínú. Èyí tó bá ń fọ́, iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà á ní kí n fi kan eyín. Iyanrìn á dún, amọ̀ á lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Bí mo bá ṣì í sọ, màá fẹsẹ̀ rìn padà lọ sí kòtò tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀, kí n bu òmíràn wá. Ọjọ́ kan wà tí mo lọ kòtò náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà ìkẹrin, mo bu ilẹ̀ náà dé, mo sì fi sẹ́nu kó tó sọ̀rọ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "O ti ń gbádùn rẹ̀." Òótọ́ ló sọ.

Ó ní ọ̀pá irin kan tó gùn tó èèyàn, tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọ̀pá arúgbó. Nígbà kan tí agbaṣẹ́ṣe kan mọ ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bèbè tán, Bàbá ti ọ̀pá náà bọ̀ ọ́, ó sì wọlé dé ọwọ́. Kò bínú. Ó kàn ní kí wọ́n wó o. Agbaṣẹ́ṣe bẹ̀ ẹ́, àwọn lébìrà bẹ̀ ẹ́, èmi náà bá wọn bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó lórí òkúta, ó ń jẹ iṣu sísun, wọ́n ń wó o lójú rẹ̀. Nígbà tó jẹ iṣu tán, ó sọ fún mi pé, "Ìwọ tí o bá wọn bẹ̀ mí, ilé ta lo rò pé omi ì bá wọ̀?"

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé ọ̀pá irin náà fún mi. Ó ní, "Má fọwọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ò bá tíì dé." Ó padà sí Iléṣà.

Ẹni tó wá di ọ̀gá wa lẹ́yìn náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Onígíláàsì ni màá máa pè é, torí gíláàsì dúdú tó mú bọ̀ láti ìlú òyìnbó kì í kúrò lójú rẹ̀, kódà nínú ọ́fíìsì. Ohun tó kọ́kọ́ bá mi sọ ni pé kí n lọ po tíì fún òun. Mo ní ìdí ilẹ̀ ni wọ́n gbà mí sí. Kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, èmi náà ò gbàgbé tíì.

Lóòótọ́, àwọn irinṣẹ́ tuntun dé nígbà tirẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí wọn omi inú ilẹ̀: a ó wọn ilẹ̀ tútù lórí òṣùwọ̀n, a ó yan án gbẹ, a ó tún un wọ̀n. A ò ní ààrò ìyanlẹ̀, nítorí náà sitóòfù àti agbada ni mo ń lò létí odò. Àwọn lébìrà á ní, "Mísì Ilẹ̀, gàárì yẹn ti jinná, ẹ bù fún wa." Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Ohun tí Bàbá Ajíbóyè fi ahọ́n sọ, agbada fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń sọ ohun kan náà.

Iṣẹ́ ńlá tí wọ́n wá gbé fún wa ni ti odò kan láàárín Òṣogbo àtijọ́, tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Odò Alaró là ń pè é, nítorí ẹ̀yìnkùlé àwọn alaró ló gbà. Lọ́dọọdún ló ń ya wọlé wọn. Ìjọba ní kí á la ọ̀nà rẹ̀ kó tọ́, kí á sì mọ bèbè sí i lápá méjèèjì.

Ìyá Sàlámọ̀ ni olórí àwọn alaró agbo ilé tó sún mọ́ odò jù. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí elu dé ìgúnpá. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí mi lóṣòó, tí mò ń yí ilẹ̀ lọ́wọ́, ó pariwo láti ibi ìkòkò rẹ̀ pé, "Òṣómàáló, gbèsè wo lo wá sin lọ́wọ́ ilẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá, ó ti jẹ mí pẹ́. Mi ò ní dìde."

Láti ọjọ́ náà la ti ń ṣe wọléwọ̀de. Ilẹ̀ ibi aró wọn ni mo kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀. Ó dán, ó le bí òkúta, ìkòkò ńláńlá wà lórí rẹ̀, kò sì sán. Ó ní eérú ni. Wọ́n á sẹ́ omi inú eérú láti fi pa ewé elu láró, èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n á pò, tí wọ́n á fi tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á lù ú. "Ibi tí o tẹ̀ yìí, ìyá tó bí ìyá mi ló tẹ́ ẹ." Èyí tí wọn ò lò ni wọ́n kó jọ sẹ́yìn ilé. Òkìtì náà ga ju òrùlé lọ, ó sì jẹ́ iyì fún wọn: agbo ilé tí òkìtì rẹ̀ bá ga ju ti ẹnìkejì lọ ni aró rẹ̀ pẹ́ jù.

Àsìkò òjò ń bọ̀, kòtò ilẹ̀ pupa jìnnà, típà agbaṣẹ́ṣe sì bàjẹ́. Àwọn àgbà agbo ilé fúnra wọn ló sọ fún un pé kí ló ń wá lọ sí ọ̀nà jíjìn, ṣebí eérú rèé, tó le ju ilẹ̀ lọ. Wọ́n tú òkìtì àwọn ìyá wọn fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi nínú wọn. Ohun tí wọ́n fojú rí láti kékeré ni wọ́n gbà gbọ́, bóyá èmi náà ì bá gbà á gbọ́ bí mo bá dàgbà sórí ilẹ̀ yẹn.

Bí a ṣe ń mọ bèbè nìyí: ìpele kan á tẹ̀ lé òmíràn, ìkọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ nípọn ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ọ̀kan kí wọ́n tó gbé èkejì lé e. Wọn ò dúró dè mí: wọ́n fi eérú ṣe ìpele kejì àti ìkẹta nígbà tí mi ò sí níbẹ̀, wọ́n sì fọ́n ilẹ̀ pupa sí i lójú. Ọjọ́ tí Onígíláàsì mú àwọn àlejò wá láti Ìbàdàn ni mo fọwọ́ sí méjèèjì.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, òjò díẹ̀ rọ̀. Mo gun bèbè náà, ẹsẹ̀ mi sì yọ̀, bí ìgbà téèyàn tẹ ọṣẹ. Ilẹ̀ pupa kì í yọ̀ báyẹn. Mo ti ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, ó wọlé. Mo wa díẹ̀ síta, mo fi omi pa á lọ́wọ́, ó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, ó sì ń rùn bí ibi aró. Èmi náà fẹ́ mọ̀ bóyá ó burú lóòótọ́. Ilẹ̀ Ìyá Sàlámọ̀ ṣáà wà níbẹ̀ tó le.

Mo lọ bá a. Mo ní kó yá mi ní abọ́ omi kan. Mo ju nǹkan mẹ́ta sínú rẹ̀: ìṣù ilẹ̀ pupa tí mo lù, ìṣù eérú láti inú bèbè, àti èérún ilẹ̀ ibi aró fúnra rẹ̀, tó fi ọ̀bẹ gé fún mi níbi kọ̀rọ̀. A jókòó tì í lẹ́yìn ìrun àílà. Àwọn obìnrin ìyókù wá ń wò wá.

Ọ̀kan ní, "Àbí Òṣómàáló ń se ọbẹ̀ ni?"

Òmíràn ní, "Kò tíì fi iyọ̀ sí i."

Etí ìṣù eérú kọ́kọ́ ń yọ́ bí èéfín nínú omi, lẹ́yìn náà ó jókòó pẹ̀ẹ̀, ó di ẹrọ̀fọ̀. Ilẹ̀ pupa wà bó ṣe wà. Èérún ilẹ̀ ibi aró dúró pẹ́, àwọn obìnrin sì ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Kí wọ́n tó pe ìrun alásàárì, òun náà túká.

Ìyá Sàlámọ̀ fi ìka ro omi náà. Ó ní, "Àṣé òrùlé ló ń gbà á là."

Mi ò rí ẹnjiníà kan tó sọ ọ́ yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ọjọ́ náà. Omi tó bá dà sórí ilẹ̀ yẹn lábẹ́ òrùlé, wọ́n á nù ún. Omi odò kì í kúrò lára bèbè, inú rẹ̀ ni yóò máa gbà.

Mo kọ ojú ewé méjì, mo gbé e fún Onígíláàsì. Ó kà á.

"Abọ́ lo fi ṣe àyẹ̀wò yìí, Mísì?"

"Abọ́ ni, sà."

"Níbi tí mo ti kàwé, a kì í gbé ohun tí a rí nínú abọ́ ìfọṣọ lọ síwájú ìjọba."

"Odò náà ò kàwé níbẹ̀, sà."

Ó yọ gíláàsì rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí ojú rẹ̀ nìyẹn. Ó ní iṣẹ́ náà ti pẹ́ ju àsìkò tí òun ṣèlérí fún Ìbàdàn, wọ́n á to òkúta sí i lójú, á sì dára. Ó ti ìwé mi sínú àpótí tábìlì rẹ̀.

Ìyá Sàlámọ̀ bi mí pé, "Ṣé kí n kó ìkòkò mi?" Ìkòkò aró kì í ṣe ohun tí à ń gbé kiri. A ti ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, aró inú rẹ̀ á bàjẹ́ bí a bá mì í, òmíràn nínú wọn ti wà láti ìgbà ìyá rẹ̀. Mo ní kó kó wọn. Àwọn ọkùnrin ilé ní kó má dá ọmọ Ìjẹ̀ṣà lóhùn. Ó kó ọ̀kan, èyí tó kéré jù.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, tí kò dá. Ní ọ̀sán, mo wà lẹ́yìn bèbè, mò ń wo ìdí rẹ̀. Odò ò tíì dé orí bèbè rárá. Omi kékeré kan ń sun jáde nísàlẹ̀, ó mọ́, Bàbá Ajíbóyè sì ti kọ́ mi pé omi tó bá mọ́ kò tíì gbé nǹkan kan dání. Mo dúró tì í. Nígbà tó yá, ó funfun bí omidùn ògì. Inú bèbè ló ń kó jáde yẹn. Mo sáré wọ ibi aró, mo ní kí gbogbo wọn jáde. Ìyá Sàlámọ̀ ló kọ́kọ́ ju ọ̀pá tó fi ń ro aró sílẹ̀, ó sì fa àwọn tó ń jiyàn lọ́wọ́.

Bèbè náà ò wó pẹ̀lú ariwo. Ó jókòó, bí ẹni tó ti rẹ̀, odò sì gba orí rẹ̀ kọjá. Kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìkòkò tí Ìyá Sàlámọ̀ kò kó ló lọ, omi Odò Alaró sì ń ṣàn lọ sínú Ọ̀ṣun ní dúdú bí aṣọ ẹtù títí di ọjọ́ kejì.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta kalẹ̀. Wọ́n ṣí fáìlì. Ojú ewé méjì tí mo kọ ò sí níbẹ̀. Ìwé tí mo fọwọ́ sí pé ìpele kejì àti ìkẹta dára wà níbẹ̀ gbọingbọin. Onígíláàsì ní, "Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí le jù fún obìnrin." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú àánú. Àánú yẹn ló dùn mí jù.

Ìyá Sàlámọ̀ wá fúnra rẹ̀, ó gbé abọ́ náà dání. Alága bi í pé, "Màmá, kí lẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ ẹnjiníà?"

Ó ní, "Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Eérú ni mo mọ̀." Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ náà. Wọ́n ní kó máa lọ.

Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo fọwọ́ síwèé. Mo ní èmi ni, pé wọ́n fi ilẹ̀ pupa bò ó mọ́ mi lójú. Wọ́n kọ ọ́ pé aláìbìkítà ni mí. Ọdún mẹ́jọ ni mi ò fi rí ìgbéga. Wọ́n gbé Onígíláàsì lọ sí Ìbàdàn, sí ipò tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo lọ sí Iléṣà lọ rojọ́ fún Bàbá Ajíbóyè. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó bi mí léèrè nípa abọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ mọ bí omi náà ṣe yára funfun sí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọjọ́ tí o fọwọ́ síwèé, ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n fi ilẹ̀ pupa bò ó, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mo bi ọ́."

Ó na ọwọ́, mo sì gbé ọ̀pá irin rẹ̀ tí mo mú dání fún un. Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Kò sí ẹni tó fẹ́ tún bèbè náà mọ, nítorí náà èmi ni wọ́n gbé e fún, bí ẹni gbé ìyà fún ni. A wa gbogbo eérú náà kúrò. Ilẹ̀ pupa ni a kó wá, láti orí òkè kan lọ́nà Iléṣà. Katakata ìtẹlẹ̀ ti dé nígbà náà, a sì ti ní ààrò ìyanlẹ̀ ní ọ́fíìsì. A ó gbẹ́ ihò kékeré sínú ìpele, a ó wọn ilẹ̀ tó jáde, a ó da iyanrìn tí a ti wọ̀n sínú ihò náà, ká lè mọ bí ó ṣe ki tó. Mo ń ṣe gbogbo rẹ̀, mo sì ń bọ́ bàtà síbẹ̀. Bàbá Ajíbóyè kú kí a tó parí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé ọ̀pá irin náà wá fún mi létí odò. Ó ní bàbá òun ló ní kí wọ́n gbé e fún mi bí mo bá ti ń ṣiṣẹ́.

Bèbè náà ṣì wà títí dòní. Onígíláàsì ló padà wá ṣí i, orúkọ rẹ̀ sì wà lára òkúta tí wọ́n ri síbẹ̀. Nígbà tó kú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìsìnkú rẹ̀ pé òun ló mọ ọ́n. Òun kọ́. Èyí tó mọ ló wó.

Ó ku ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ àtúnmọ náà, Ìyá Sàlámọ̀ wá dúró tì mí, ó wo ẹsẹ̀ mi nínú ẹrẹ̀, ó ní, "Bàtà funfun ọjọ́sí dà?" Ó ti rí mi lọ́jọ́ àwọn àlejò náà láti ibi ìkòkò rẹ̀, ó sì jókòó níwájú ìgbìmọ̀ láìmẹ́nu kàn án.

Onígíláàsì ti ní kí n múra dáadáa, kí àwọn àlejò má baà rò pé lébìrà ni mí. Mo lè kọ̀ fún un, bí mo ṣe kọ̀ láti po tíì. Mi ò kọ̀. Bàtà náà yẹ mí, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i. Mo dúró lókè, mo wo ilẹ̀ pupa tí kò nípọn ju ìka méjì lọ, mo sì fọwọ́ síwèé. Bí ẹsẹ̀ mi lásán bá tẹ̀ ẹ́, ì bá mọ̀.

Onígíláàsì yọ ìwé mi kúrò nínú fáìlì. Èmi náà yọ bàtà mi kúrò nínú ẹ̀rí tí mo jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n má gé ibì kankan kúrò.